Ojú Bàbá Nínú Ìléru

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìjà ṣe ń rí nínú ilé tí kò sí ẹni tó ń pariwo, kó wá jókòó sínú yàrá iṣẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí fún wákàtí kan péré. Tábìlì méjì, iná gáàsì méjì, àga méjì tó kẹ̀yìn síra wọn. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí fèrèsé, àbúrò kọjú sí ògiri. Láàárín wọn ni ìléru wà, àpótí onírin kan tó ga dé ìbàdí, tó ń fi iná mànàmáná gbóná, èyí tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí wọ́n ti ń yan odì. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí o kú iṣẹ́.

Àbúrò ni wọ́n ń pè ní Kíákíá. Ìyá wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí láti kékeré ló ti máa ń wọ bàtà kó tó jí tán. Ẹ̀gbọ́n ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹni tó lè fi odindi àárọ̀ nu tábìlì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Kíákíá kò pè é ní Ẹ̀gbọ́n mi mọ́, kò sì pè é ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kàn, "ẹni yẹn" ni.

Iṣẹ́ dígí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń yọ́ ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu iná, wọn a fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, wọn a fi ṣe ìgò tí kò tó àtàǹpàkò, wọn a sì fi ṣe ojú fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹ má wulẹ̀ yanu. Ojú dígí ni, tí ènìyàn á kì bọ inú ihò ojú, tó jẹ́ pé bí ẹ bá bá a jókòó jẹun, ẹ ò ní mọ èwo ni tirẹ̀, èwo ni ti Ọlọ́run.

Òfin méjì ni ìyá wọn fi lélẹ̀ nínú yàrá yẹn. Èkíní ni pé dígí tútù kò gbọdọ̀ rí iná. Bí iná bá ká dígí tútù mọ́ lójijì, yóò fọ́, èérún rẹ̀ yóò sì ta káàkiri bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Nítorí náà gbogbo ọ̀pá, gbogbo ẹ̀yà iṣẹ́, inú ìléru ni yóò kọ́kọ́ sùn sí, títí yóò fi móoru dé mùdùnmúdùn, kó tó dé ẹnu iná. Òfin kejì ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ìléru gbọ́dọ̀ wí i sókè. "Mo fi méjì kún un o!" Ẹnì kejì á dáhùn, "Mo gbọ́." Ìdí kò fara sin. Kókó tí wọ́n fi ń yí iná ìléru náà ti gbó, ìka ìyá wọn ti nu gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò. Bó o wò ó títí di ọ̀la, o ò ní mọ ibi tó wà. O máa yí i ni, á ró kẹ́, ìwọ á máa kà. Kẹ́ mẹ́ta ni ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́ márùn-ún ni dígí fi ń móoru tó. Tó bá fi lè kọjá mẹ́fà, dígí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bó o bá sì ní kó o yí i padà sí òdo kó o tún un kà, ìléru náà á bínú, kò ní tàn fún ìdajì wákàtí.

Ẹni méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò lè ṣì í láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọn, télọ̀ ni. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí ẹ̀gbọ́n pàápàá, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló ṣẹ́ tó fò bá a lójú. Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti ń ṣe ojú dígí fún un, tuntun ní ọdún méjì-méjì, nítorí omijé a máa jẹ dígí títí ara rẹ̀ á fi le gbaragbara. Àwọ̀ oyin dúdú ni ojú bàbá. Ìyá wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ po dígí aláwọ̀ yẹn, ó fà á lọ́pàá mélòó kan, kò sì kọ bó ṣe pò ó sílẹ̀. Nígbà tí ìyá wà lórí àìsàn, Kíákíá ṣí àpótí tábìlì, ó rí ọ̀pá aláwọ̀ oyin mẹ́rin, àwọ̀ náà wù ú, ó fi mẹ́ta ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún obìnrin kan tó ń kọjá lọ. Kò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún un? Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wọn ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣí àpótí náà, ó bá ẹyọ kan tí kò gùn ju ìka kékeré lọ. Níṣojú bàbá, níṣojú àwọn tó wá kí wọn, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Olè."

Ẹnu Kíákíá yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Abájọ tí ọkọ yín fi kó ẹrù rẹ̀ lọ."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àtọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wọn.

Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú dígí tí bàbá ń lò fi le gbaragbara, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Dókítà ní kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́, ó fi aṣọ funfun bo ibẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò jáde mọ́. Wọ́n ní kí àwọn ra òmíràn fún un níbòmíràn, ó fárígá. "Ojú àjèjì kò ní bá mi wo ilé ara mi," bó ṣe wí nìyẹn. Ọ̀pá kan ló kù, ojú kan ló lè jáde nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì í, ó tán nìyẹn. Bàbá yóò fi aṣọ bojú wọ sàréè.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní, "Ọ̀la ni mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ ṣe ojú mi lónìí." Kò dárúkọ ẹni tó máa ṣe é. Kíákíá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni. Ta ni ìyá wọn máa ń pè bí ọ̀rọ̀ bá kan títẹ́ àwọ̀ sójú? Òun ni. Lóòótọ́, ẹni yẹn ló fẹ́ bọ́ọ̀lù dígí funfun tó máa di ẹyinjú, láti àná, kò sì sí ẹni tó lè fẹ́ dígí bíi tirẹ̀. Kíákíá wá àléébù sí bọ́ọ̀lù náà títí, kò rí. Èyí pàápàá bí i nínú.

Ó tètè dé yàrá iṣẹ́. Ó to bọ́ọ̀lù funfun náà sórí pẹpẹ ìléru, tí wọ́n fi ẹfun kùn kí dígí má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ó to ọ̀pá dúdú tó máa di ọmọlójú, ó to ọ̀pá tó mọ́ gaara. Àwọn ọ̀pá yòókù gùn, ìdí wọn yọ síta láti ojú ihò ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ lè dì mú. Ti oyin kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ sínú lọ́hùn-ún, bí ẹni tẹ́ ọmọ ìkókó. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kókó. Kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó lọ dúró níwájú fèrèsé rẹ̀.

"Fèrèsé," ó ní, "ṣé o rí nǹkan? Àwọn kan ti dé láti kùtù. Kí ni wọ́n tún wá jí o?"

Kíákíá kò yíjú. "Ògiri," òun náà ní, "jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ẹni tó bá létí pé ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́."

"Fèrèsé, ẹni tó ń sáré ju iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ á dúró dè é níwájú."

"Ògiri, ẹni tó ń rìn bí ìgbín, ṣé iṣẹ́ ti dúró dè é rí?"

Kíákíá dìde, ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé láti pààrọ̀ agolo gáàsì tó ti tán. Ìdè agolo náà ti dógùn-ún. Ó fi ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú bá a jà, ó fi ìka há, ó ṣépè fún ẹni tó dè é, kó tó rántí pé òun fúnra rẹ̀ ló dè é. Nígbà tó padà wọlé, ẹni yẹn kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ bá bàbá fọ ojú rẹ̀ nínú yàrá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kíákíá wo aago ara ògiri. Ọ̀pá ti sùn tó fún kẹ́ mẹ́ta. Ó yí kókó: kẹ́, kẹ́. Márùn-ún nìyẹn lójú tirẹ̀. Ó jókòó, ó nu ẹ̀mú rẹ̀, ó tan iná rẹ̀ wò, ó pa á.  Ó rí bàbá nínú ọkàn rẹ̀ tó ń wo dígí tuntun nínú jígí, tó ń sọ pé, "Ọwọ́ ìyá rẹ ló wà lára rẹ o." Ó sì rí ẹni yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa.

Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan sí ihò ilẹ̀kùn láti wo bó ṣe ń lọ sí.

Ó pariwo.

Bọ́ọ̀lù funfun ti tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí bọ́ọ̀lù tí atẹ́gùn ti jò lára rẹ̀. Ọ̀pá oyin kò sí mọ́. Níbi tó tẹ́ ẹ sí, ìṣù kan ló wà níbẹ̀, ó ń dán, ó ti ń tàn kálẹ̀ lórí ẹfun.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sáré wọlé. Ẹni tí kì í sáré. Ó tẹ̀ sí ihò ilẹ̀kùn, ó wò ó, ó dìde.

"Kẹ́ mélòó lo fi sí?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ tààrà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn.

"Mẹ́ta! Mo sì fi méjì kún un ṣẹ̀ṣẹ̀ báyìí. Márùn-ún!"

"Èmi náà fi méjì kún un. Mo gbọ́ mẹ́ta látẹnu ọ̀nà. Mo rí i pé àsìkò ti tó, o ò sì padà wá. Mo rò pé o ti gbàgbé."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ṣé ògiri?"

"O ti pa á!" Kíákíá kígbe, ọ̀wọ̀ sì fò lọ pẹ̀lú ìgbe náà. "O mọ̀ọ́mọ̀ ni! O kò fẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni mo ṣe é. Ojú bàbá mi, o ti pa á!"

"Bàbá ta ni? Ìwọ tó o ti fi mẹ́ta ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún alákọjá, ìwọ lo fẹ́ bá mi wí lórí ẹyọ kan?"

Wọ́n lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló tọ́ wọn dàgbà, àwọn méjèèjì sì mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé bí ìṣù yẹn bá fi lè tutù sórí pẹpẹ, yóò bá ẹfun lẹ̀ pọ̀, yóò sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ ní gbígbóná, báyìí báyìí. Ẹnì kan kò sì lè dá a ṣe. Ẹnì kan ní láti ṣí ilẹ̀kùn kó fi ẹ̀mú fa pẹpẹ síta díẹ̀. Ẹnì kejì ní láti fi orí ọ̀pá mímọ́ tó ti rọ̀ lẹ́nu iná kan ìṣù náà kó gbé e.

"Ẹ wọ ìbọ̀wọ́," Kíákíá ní.

"Mo ti wọ̀ ọ́ kó o tó la ẹnu. Tan iná rẹ."

"Ẹ ṣí i. Ẹ má ṣí i tán! Mo ní ẹ má ṣí i tán!"

"Má pàṣẹ fún mi. Gbé e."

Oru jáde lù wọ́n lójú. Kíákíá na ọ̀pá, ó fi kan ìṣù náà, ó yí i, ó gbé e. Ó lẹ̀. Ó jáde, ó ń fà bí oyin tòótọ́, apá kan sì kù sílẹ̀ sórí ẹfun, ó ṣègbé. Ó gbé èyí tó rí mú lọ sẹ́nu iná, ó ń fi ẹ̀mú kékeré yọ ibi tí ẹfun ti bà jẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ohun tó kù fi jẹ́ ìwọ̀n kóró ẹ̀wà kan. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ráyè nù ún.

Ó tó. Ó tó ojú kan, kò ní ṣẹ́ kù.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní láti fẹ́ bọ́ọ̀lù mìíràn. Kíákíá yí kókó padà, kẹ́ méjì, kí dígí funfun lè móoru bó ṣe yẹ. Kò wí i, ìbínú kò jẹ́ kó wí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń kà á bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Látìgbà náà títí iṣẹ́ fi parí, kò sẹ́ni tó kọjú sí fèrèsé, kò sẹ́ni tó kọjú sí ògiri. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fẹ́ bọ́ọ̀lù, Kíákíá tẹ́ oyin sí i, ó kán dúdú sí àárín, ó fi dígí mímọ́ bò ó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ó gé e kúrò lórí ọ̀pá. Wọ́n gbé e padà sínú ìléru kó máa fara balẹ̀ tutù, wọ́n sì jáde láìkí ara wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìléru ti tutù. Bàbá wá fúnra rẹ̀. Ó ṣí aṣọ ojú rẹ̀, ó rẹ dígí náà sínú omi, ó ti ìpéǹpéjú sókè, ó kì í bọlé. Ó gbé jígí. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́.

"Ojú mi ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ojú mi nìyí. Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni," Kíákíá ní.

"Èmi ni," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní, lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá sún jígí mọ́ ojú. "Nǹkan funfun kan wà nínú rẹ̀ níbí yìí, kékeré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹfun ni, àbí? Ta ló fi í sí i?"

"Òun ni!" Àwọn méjèèjì tún wí i pọ̀, ìka Kíákíá sì ti nà kí ó tó mọ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ, tí kò dùn. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi àti ìyá yín ṣe wí níwájú dókítà. Ó bi wá pé ta ló fọ́ ojú yìí. Mo ní òun ni. Ìyá yín ní èmi ni."



"Ṣebí abẹ́rẹ́ máṣíìnì ni?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bèèrè.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí?" Ó gbé jígí sílẹ̀. "Àdúgbò ló sọ ọ́, èmi náà sì dákẹ́. Nínú yàrá yìí ni. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí èmi àti ìyá yín ti ń yan odì. Mo wọlé wá mú sísọ́ọ̀sì mi nídìí tábìlì rẹ̀. Mi ò sọ pé mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà ò sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Inú ń bí i, ó gbé ọ̀pá tútù, ó kì í bọ iná bẹ́ẹ̀. Ó fọ́, èérún rẹ̀ sì ta bá mi lójú. Bó bá ní 'ẹ sún sẹ́yìn' péré, ǹ bá sún. Bí mo bá ní 'mo wà níbí o,' ì bá dúró. Ọ̀rọ̀ mélòó nìyẹn? Ẹ bá mi kà á."

 

"Kí lẹ ń jà sí nígbà náà?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bèèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

Bàbá ronú.  "Mi ò rántí," ó ní. "Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mi ò rántí. Ìyá yín náà kò rántí mọ́ títí ó fi kú."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Wọ́n gbọ́ tó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó ń kí ẹnì kan lójú pópó.

Kíákíá jókòó, ó kọjú sí ògiri. Inú ṣì ń bí i, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. "Olè" ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ tí òun sọ kò tíì kúrò lára ẹni tí òun sọ ọ́ sí. Ó gbọ́ tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń ha ẹfun orí pẹpẹ, tó ń kùn ún lọ́tun, tó ń to ọ̀pá iṣẹ́ ọjọ́ náà sínú ìléru. Ó gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. 

"Mo fi í sí mẹ́ta," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. Fèrèsé kọ́ ló ń bá wí.

 Kíákíá gbé ẹ̀mú, ó gbé e sílẹ̀.

"Mo gbọ́," ó ní. "Mi ò dití, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò ní o dití."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó dìde, ó mú awò ìdáàbòbò ojú méjèèjì lórí ìṣó tí wọ́n fi wọ́n kọ́ sí. Ó gbé ọ̀kan sórí tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, ó fi èkejì sójú ara rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó de dígí kó móoru.